Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Ojúlówó Aago Òmùwẹ̀ Ológun Mọ̀ Kí Ẹ Tó Náwó Sí I

Aago tí ìjọba fún òmùwẹ̀ ológun kì í ṣe ohun ìní ẹni tó wọ̀ ọ́. Ìjọba ló rà á, ìjọba ló fín nọ́ńbà sí i lẹ́yìn. Ọmọ ogun a buwọ́ lùwé kó tó gbà á, bí iṣẹ́ bá sì parí, a dá a padà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rí fi pọ̀ lára irú aago bẹ́ẹ̀ ju èyí tí èèyàn rà ní ṣọ́ọ̀bù lọ. Nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, irin tí okùn rẹ̀ ń gbà kọjá ń sọ̀rọ̀, ọ̀dà tó ń tàn lókùnkùn náà ń sọ tirẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ rà á ni pé kó bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì wò ó bóyá ẹnu wọn kò. Bí ọ̀kan bá ń sọ 1975, tí èkejì ń sọ 1998, ẹ béèrè àlàyé kí ẹ tó yọ owó.

Owó ló sì mú kí ayédèrú pọ̀. Rolex Submariner tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1970, tí àwọn olùkójọ ń pè ní MilSub, ti tà ju 100,000 pọ́n-ùn lọ ní gbàǹjo. Submariner 5513 tí aráàlú rà láyé ìgbà yẹn kan náà kò sún mọ́ iye yẹn rárá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ inú wọn kò yàtọ̀. Ojú aago, ọwọ́ rẹ̀, òrùka tó ń yí lójú rẹ̀, irin méjì àti ìlà nọ́ńbà díẹ̀ lẹ́yìn, gbogbo ohun tó fa ìyàtọ̀ owó náà kò ju ìyẹn lọ. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìfínrin tó sì ní ọkàn jìbìtì, ẹ ti mọ ohun tó máa ṣe.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú orílẹ̀-èdè kan, kí ẹ dúró síbẹ̀

Ẹni tó bá ń lé ti gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ ọ̀kankan dunjú. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní àṣà tirẹ̀, ohun tó sì jẹ́ àmì òdodo lára aago ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè jẹ́ àmì ẹ̀tàn lára ti ilẹ̀ Faransé.

Ilẹ̀ Faransé ni ìtàn náà ti gbóná jù. Ní 1953, Robert Maloubier àti Claude Riffaud, tí wọ́n ń dá ẹgbẹ́ òmùwẹ̀ ajagun sílẹ̀, ń wá aago tó lè bá wọn wọ omi. Jean-Jacques Fiechter tó ń darí ilé iṣẹ́ aago Blancpain nígbà náà, tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn kó máa wọ abẹ́ omi, ló ṣe Fifty Fathoms tí wọ́n gbà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Faransé lo Tudor Submariner fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Amẹ́ríkà, Tornek-Rayville TR-900 ni wọ́n lò ní àwọn ọdún 1960. Blancpain gan-an ni aago yẹn, orúkọ ló yàtọ̀, nítorí òfin Amẹ́ríkà fẹ́ kí ìjọba máa ra ọjà ilé. Benrus Type I àti Type II ló tẹ̀lé e ní àwọn ọdún 1970. Ilẹ̀ Ítálì ní Panerai, tí Rolex ń bá wọn ṣe ara aago náà nígbà ogun àgbáyé kejì.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni màá dúró lé jù níbí, nítorí nọ́ńbà wọn ló ṣeé kà jù, aago wọn ló sì pọ̀ jù lọ́jà fún ẹni tó ń gbé ní London tàbí Manchester. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Omega Seamaster 300 ni wọ́n ń pín. Rolex gbà á lọ́wọ́ wọn ní àwọn ọdún 1970. Nígbà tó di 1980, CWC (Cabot Watch Company) bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn. Ray Mellor ló dá CWC sílẹ̀ ní 1972. Ẹ gbọ́ tèmi: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí CWC oníbátìrì. Òun náà wọ omi, òun náà ní nọ́ńbà ìjọba lẹ́yìn, àṣìṣe lórí rẹ̀ kò sì ní kó ilé yín tà. Ẹni tí kò tíì mú ojúlówó CWC dání rí, kí ni yóò fi dá MilSub mọ̀?

Ìgbésẹ̀ kejì: àwọn ohun èlò

Kò pọ̀. Awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10, tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa, iná UV kékeré bí èyí tí wọ́n fi ń yẹ owó wò ní báńkì, àti fóònù tí kámẹ́rà rẹ̀ ń ya fọ́tò tó mọ́ kedere. Ẹ tún wá alátùn-únṣe aago kan tí ẹ fọkàn tán, tó mọ aago àtijọ́, kì í ṣe ẹni tó kàn ń pààrọ̀ bátìrì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yí aago dojú dé, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀

Ojú aago ni òǹtajà máa ń fẹ́ kí ẹ wò. Ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Lẹ́yìn aago ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ máa rí ọfà kékeré kan tó nàró, ìlà mẹ́ta tó pàdé lókè. Àmì ìjọba nìyẹn, ó ti wà lára ohun ìní ìjọba wọn tipẹ́tipẹ́ kí aago ọwọ́ tó dé. Òfin wọn ti 1875 lórí ohun ìní ìjọba sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹnikẹ́ni máa fín in sí nǹkan láìgba àṣẹ, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí àwọn ayédèrú lọ́wọ́.

Nọ́ńbà ló tẹ̀lé e. Ẹ mú ti Rolex: 0552/923-7697. 0552 ń sọ pé ti ọmọ ogun ojú omi ni. Bó bá jẹ́ ti ọmọ ogun orí ilẹ̀, ẹ máa rí W10/6645-99-923-7697. Ti òfuurufú ní 6BB. Nínú nọ́ńbà gígùn yẹn, 6645 ni ẹ̀ka tí wọ́n kó gbogbo ohun tó ń ka àkókò sí, 99 sì ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá rí 12 níbẹ̀, ilẹ̀ Jámánì ni. 14 jẹ́ ti Faransé. Nítorí náà, aago tí òǹtajà pè ní ti òmùwẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọfà sì wà lára rẹ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ wá ní 12 láàárín, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í. Wọ́n á rí aago méjì tí 923-7697 wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì, wọ́n á ní ọ̀kan ti da ìkejì kọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ń sọ irú ohun tí aago náà jẹ́, ìyẹn aago òmùwẹ̀. Kò sọ ẹni tó ṣe é. Omega Seamaster 300 wọn pàápàá ní i. Nọ́ńbà tí aago kan ṣoṣo ni ní wà nísàlẹ̀ pátápátá: nọ́ńbà ìpín, ìlà dídábùú, lẹ́yìn náà ọdún ní òǹkà méjì. 215/76, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ aago kẹẹ̀ẹ́dógúnlérúgba tí wọ́n fún ní nọ́ńbà ní 1976. Bí ẹ bá bá nọ́ńbà ìpín kan náà àti ọdún kan náà pàdé lẹ́yìn aago méjì, ìyẹn ni kí ẹ sá fún.

Ọdún yẹn ló máa ń tú àṣírí jù. Aago òmùwẹ̀ CWC tí wọ́n kọ /78 sí lẹ́yìn kò lè jẹ́ òótọ́, nítorí CWC kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe aago òmùwẹ̀ nígbà náà. Aago òmùwẹ̀ oníbátìrì wọn tó ní /80 náà kò bá a mu. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde jẹ́ ọ̀tọ́mátííkì, oníbátìrì bẹ̀rẹ̀ ní 1983.

Ti Faransé rọrùn láti kà, ó sì rọrùn láti da kọ: M.N. (Marine Nationale, ìyẹn ọmọ ogun ojú omi wọn) àti òǹkà ọdún méjì ni, bíi M.N. 77. Lẹ́tà méjì àti òǹkà méjì kò gba ayédèrú ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Nítorí náà, ọdún tí wọ́n fín àti nọ́ńbà irú Tudor náà ni kí ẹ fi wé ara wọn. Tudor 9401 jáde ní àárín àwọn ọdún 1970. Bí ẹ bá rí M.N. 70 lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó fín in kò mọ ìtàn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi awò wo etí lẹ́tà

Ẹ má kánjú níbí. Ẹ gbé aago sábẹ́ fìtílà, ẹ mú kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ kì í ṣe láti òkè, kí ojú ibi tí wọ́n fín lè ní òjìji. Ẹ wá ibi tí ìlà ìfarapa kan, èyí tí tábìlì tàbí irin ọkọ̀ fà sí i lẹ́yìn, ti gba orí lẹ́tà kan kọjá. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni ẹ máa wò fínnífínní. Bí aago náà bá jẹ́ òótọ́, lẹ́tà ló kọ́kọ́ débẹ̀ kí ìfarapa tó dé: etí lẹ́tà á tẹ̀ díẹ̀ níbi tí ìlà gbà wọlé, nígbà mìíràn ìlà náà á tún fara kan ìsàlẹ̀ kòtò lẹ́tà. Bí ó bá jẹ́ pé ìfarapa náà kàn já bọ́ létí lẹ́tà, tí etí lẹ́tà mú ṣánṣán, tí kò sì sí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀, á jẹ́ pé aago ti darúgbó kí wọ́n tó fín nǹkan sí i. Ohun tí mo gbà gbọ́ jù nínú gbogbo àyẹ̀wò nìyí, nítorí ó ṣòro fún oníjìbìtì láti fara pa aago ní ìfarapa 40 ọdún lórí lẹ́tà tó fín lánàá.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ kòtò náà pẹ̀lú. Ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń fi ipa ìrìn rẹ̀ sílẹ̀, jíjìn rẹ̀ kì í dọ́gba, ìdọ̀tí ọdún gbọọrọ a sì ti di síbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi iná lésà fín máa ń dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á dúdú bí ẹni pé ó jóná. Bí gbogbo ẹ̀yìn aago bá ń dán bíi dígí tí lẹ́tà inú rẹ̀ sì jinlẹ̀ ṣáká, ẹ béèrè bó ṣe jẹ́ pé irin tó yí i ká jẹ tán tí lẹ́tà kò jẹ.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Lábẹ́ awò ìlọ́po 10, kò tó ọjọ́ kan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: irin tí okùn ń gbà kọjá

Lára aago aráàlú, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní sípíríǹgì ló mú okùn dání. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó yọ. Àwọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kí ó yọ lábẹ́ omi, wọ́n ní kí wọ́n fi irin tó dúró gbọin-in sáàárín etí aago, ìyẹn ibi tó yọ síta tí okùn ń so mọ́, lókè àti nísàlẹ̀. Okùn náílọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló ń gba abẹ́ aago kọjá. Ìlànà ilé iṣẹ́ ológun wọn lórí okùn yẹn jáde ní 1973, G10 ni wọ́n sì ń pè é, nítorí fọ́ọ̀mù G1098 ni ọmọ ogun máa ń kọ kó tó gbà á.

Irin náà kò gbọdọ̀ mì rárá. Ẹ fi awò wo ibi tó ti wọ inú etí: ó yẹ kó mọ́, láìsí gúlúù, láìsí ìdì irin tí ajórin ẹ̀bá ọ̀nà kan fi sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí irin náà má sí kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni tààrà. Ọ̀pọ̀ MilSub ni àwọn tó ni wọ́n ti gbé lọ fún àtúnṣe kí iye wọn tó wọ́n, wọ́n gé irin dànù kí wọ́n lè fi ẹ̀wọ̀n onírin sí i dípò okùn, wọ́n sì pààrọ̀ ọwọ́ àti òrùka sí ti aráàlú. Irú èyí ṣì lè jẹ́ òótọ́. Iye rẹ̀ ló ti já wálẹ̀. Ẹ wá ojú ibi tí wọ́n ti gé irin náà nínú etí.

Ti Faransé yàtọ̀ pátápátá. Tudor wọn kò ní irin adúró, a sì máa ń dé láìsí ẹ̀wọ̀n. Òmùwẹ̀ ló ń wá okùn fúnra rẹ̀, àwọn kan sì gé rọ́bà páráṣúùtì tó ń nà ṣe okùn. Tudor M.N. tí irin adúró wà lára rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ojú, ọwọ́, àti ọ̀dà tó ń tàn

Lójú MilSub, ẹ máa rí T kan nínú òbìrí. Trítíọ̀mù ni T yẹn ń sọ, ohun tí wọ́n pò mọ́ ọ̀dà kó lè máa tàn lókùnkùn. Ọwọ́ aago náà gbòòrò, ẹnu rẹ̀ mú bí idà, nígbà tí ti aráàlú tẹ́ẹ́rẹ́. Òrùka rẹ̀ ní ìlà fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan yí gbogbo 60 ká. Ti aráàlú dúró ní 15. Omega ti ológun ní ọwọ́ idà náà, pẹ̀lú onígun mẹ́ta ńlá lórí 12. Ẹ ṣọ́ra níbí o: Omega ta irú ojú bẹ́ẹ̀ fún aráàlú náà, àwọn alátùn-únṣe sì ti to ọ̀pọ̀ Seamaster 300 pọ̀ láti inú ẹ̀yà tuntun àti ẹ̀rọ inú àtijọ́.

Ẹ wá pa iná yàrá. Ìdajì trítíọ̀mù a máa lọ ní gbogbo ọdún 12 àti díẹ̀. Aago 1975 ti pàdánù ìdajì yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin, ohun tó kù kò ju ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún lọ. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ pa á: ọ̀dà ojúlówó á tàn díẹ̀, yóò sì kú kíákíá. Bó bá ṣì ń tàn yòò lẹ́yìn wákàtí kan, ọ̀dà tuntun ni wọ́n kùn ún. Lẹ́yìn náà, ẹ tan iná UV kí ẹ fi ọwọ́ aago wé ojú rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n hùwà bákan náà. Bí ọwọ́ bá ń tàn gan-an tí ojú kò tàn, wọ́n ti pààrọ̀ ọ̀kan.

Ní ti CWC, T inú òbìrí di L inú òbìrí (L dúró fún Luminova, ọ̀dà tí kò ní oró) nígbà tí wọ́n fi trítíọ̀mù sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1990. Ká ní ẹ rí CWC tó ní /88 lẹ́yìn, tí L wà lójú rẹ̀. Ṣé irọ́ ni? Kò pọn dandan. Ojú àkọ́kọ́ lè ti bàjẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́nu àtúnṣe. Ẹ rà á bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ní iye aago tí wọ́n ti pààrọ̀ ojú rẹ̀, kì í ṣe iye èyí tó wà bó ṣe jáde.

Ìgbésẹ̀ keje: kí wọ́n ṣí i, àyàfi bó bá jẹ́ rédíọ̀mù

Òǹtajà gidi kì í bẹ̀rù kí alátùn-únṣe ṣí aago. Omega Seamaster 300 tí nọ́ńbà irú rẹ̀ jẹ́ 165.024, tí kò ní déètì, yẹ kó ní ẹ̀rọ 552 nínú. Bí ẹ bá rí 565, aago oní-déètì ló ti wá. Benrus kò ní ẹ̀yìn tó ń ṣí rárá, odidi irin kan ni ara rẹ̀, ojú ni wọ́n ń gbà wọ inú rẹ̀. Ohun gbogbo ni wọ́n sì kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ketekete: irú rẹ̀, oṣù, ọdún, àti bí wọ́n ṣe máa dà á nù nítorí ìtànṣán olóró inú rẹ̀.

Panerai àtijọ́ ni kí ẹ bọ̀wọ̀ fún. Rédíọ̀mù, ohun olóró tí wọ́n fi ń mú ọ̀dà tàn, ni wọ́n kùn ún, ìdajì rẹ̀ kì í lọ títí di bí 1,600 ọdún. Ọ̀dà náà lè má tàn mọ́, oró rẹ̀ kò lọ síbì kankan. Ẹ má ṣí i fúnra yín, ẹ má fi èékánná họ ojú rẹ̀, ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ sí yàrá tí ẹ̀ ń sùn, nítorí ó ń tú afẹ́fẹ́ rédọ́ọ̀nù jáde. Ọ̀dà Tornek-Rayville ní promethium, ohun olóró mìíràn tó ń yára kú, síbẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà da ọ̀pọ̀ nínú wọn nù gẹ́gẹ́ bí ìdọ̀tí olóró. Ìdí nìyẹn tó fi ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìtàn òǹtajà

“Bàbá àgbà mi ló wọ̀ ọ́ lójú ogun.” Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé ni kí ẹ béèrè: ìwé iṣẹ́ ológun rẹ̀, fọ́tò tí aago náà hàn nínú rẹ̀, ìwé àtúnṣe tó ní nọ́ńbà. Ìtàn tí kò ní ìwé kò gbọdọ̀ fi kọ́bọ̀ kún iye aago.

Àwọn kan a sì máa pe ohun tí ọmọ ogun fowó ara rẹ̀ rà ní ohun tí ìjọba pín. Seiko 6105 ni àpẹẹrẹ tó dára jù: àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wọ̀ ọ́ gan-an ní Vietnam, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù inú bárékè ni wọ́n ti rà á. Ẹ má retí nọ́ńbà ìjọba lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹnì kan ló fi síbẹ̀. Òǹkà àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà Seiko náà ni òǹkà ìparí ọdún tí wọ́n ṣe é, èkejì ni oṣù, tí O, N àti D dúró fún oṣù kẹwàá, kọkànlá àti kejìlá. Aago dáadáa ni, ẹ rà á gẹ́gẹ́ bí Seiko.

Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti ń rà á, ẹ béèrè fọ́tò ẹ̀yìn aago ní ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́, àárín etí níbi tí irin wà, ojú rẹ̀ lábẹ́ UV, àti inú ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun kò ráyè ya fọ́tò mẹ́rin fún ohun tó fẹ́ tà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn, ẹ̀yin náà ẹ má ráyè sanwó.

Nígbà tó bá ti di tiyín

Ẹ má wọ omi pẹ̀lú rẹ̀. Mo mọ̀ pé omi ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n rọ́bà inú rẹ̀ ti gbó. Àkọsílẹ̀ ló tẹ̀lé e: ẹ sọ fún alátùn-únṣe kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó sì kọ ọ́ sórí rìsíìtì, pé kò gbọdọ̀ lọ ara aago kó lè dán, kò gbọdọ̀ kun ọ̀dà tuntun, kò sì gbọdọ̀ pààrọ̀ ojú tàbí ọwọ́ láìpè yín. Iṣẹ́ àfẹnusọ ti ba ojúlówó jẹ́ ju ayédèrú lọ. Ohunkóhun tó bá yọ kúrò lára rẹ̀, ìbáà ṣe dígí tó sán tàbí kókó ìyí tó jẹ, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ dì í sínú ọ̀rá kékeré, kí ẹ kọ nọ́ńbà aago náà àti ọjọ́ tó yọ sórí rẹ̀.